Ètò Wo Ni Kí Ó Darí Kọ̀ǹpútà Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú onílùú, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lónìí. Àwọn kan ń tẹ lẹ́tà fún ará ìlú, àwọn mìíràn ń ṣírò owó tàbí ṣe ìwé ìkésíni. Bí ẹ̀rọ bá dákú lọ́jọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni a pàdánù. Orúkọ wa náà bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ rere ni ohun ìní àlejò láàrin àwọn onílé.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fara balẹ̀ yan ètò tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà wa. Windows 10, tí ó jáde ní ọdún 2015, wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò. Windows 11, tí ó dé ní ọdún 2021, kì í sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹlòmíràn a wá lọ gba ẹ̀dà tí wọ́n jí. Ẹni tí ó bá wa fọ́ ìlẹ̀kùn lè ti fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Linux ńkọ́, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991? Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ sì ń gba àtúnṣe fún ọdún 5. Ó tó fún ìwé títẹ̀ àti ìṣirò. Ṣùgbọ́n CorelDRAW àti Photoshop kò ní ẹ̀dà ti Linux, nítorí náà kí ẹni tí ó gbójú lé wọn má ṣe sáré.

Ní tèmi, iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ǹjẹ́ irinṣẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ lórí ètò náà? Ìgbà wo ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò parí? Ta ni ó wà nítòsí tí ó lè tún un ṣe? Èmi tí ń ṣe ìtumọ̀ èdè, àmì ohùn ni mo fi ń dán an wò: ẹ̀rọ tí kò bá lè ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ yóò sọ iṣẹ́ mi di yẹ̀yẹ́. Bí a bá sì ti yàn tán, kí a má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru ẹrù ẹlẹ́rù gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí kò ní gbé e ṣubú.