Ọfà Orí Kọ̀ǹpútà àti Ògiri Tí Ó Wó

Ohun tí ó bá pé méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Ẹni tí ó ní aṣọ méjì lè fọ ọ̀kan kí ó sì wọ èkejì. Ẹni tí ó ní ọkọ́ méjì lè yá aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀kan. Èrò yìí náà ni ó mú kí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ máa gbé mọ́nítọ̀ kejì ti èkíní. Oníṣirò owó a ṣí ìwé ìṣirò sórí ọ̀kan, a sì ṣí lẹ́tà sórí èkejì. Ògbufọ̀ a gbé èdè kan sí ọ̀tún, a gbé èkejì sí òsì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà náà kò gbẹ́yìn. Wọn a máa ṣeré lórí mọ́nítọ̀ iwájú, wọn a sì fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi ránṣẹ́. Títí dé ibí, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá gbóná, ọfà kékeré tí máòsì ń darí a rọra kọjá etí mọ́nítọ̀ kìíní, a bọ́ sórí èkejì, bí ewúrẹ́ tí ó rí ojú ọgbà tí ó ṣí sílẹ̀.

Ẹni tí kò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kí ó wo eré ogun bí Age of Empires II, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1999. Nínú eré yìí, ilẹ̀ tí ogun ti ń jà tóbi ju ohun tí mọ́nítọ̀ lè fi hàn lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí eléré bá fẹ́ wo ìhà ọ̀tún, kò pọn dandan kí ó tẹ bọ́tìnnì kankan. Yóò kàn ti ọfà rẹ̀ mọ́ etí ọ̀tún, ilẹ̀ yóò sì máa ṣí lọ lójú rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ó ń wá. Etí mọ́nítọ̀ ni ó dá ọfà dúró níbẹ̀. Nígbà tí mọ́nítọ̀ kejì bá wà lápá ọ̀tún, tí ohunkóhun kò sì di ọfà mú, ọfà yóò kọjá lọ, ilẹ̀ kò ní ṣí, ọ̀tá yóò sì máa jó abúlé tí ẹni náà kò lè rí. Bí ó bá wá fi ìkánjú tẹ máòsì níbi tí ọfà ṣáko lọ, orí ohun mìíràn ni yóò tẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ohun náà ni ó ń fẹ́, yóò sì gbé eré sẹ́yìn. Nínú eré ìbọn yíyìn, níbi tí ọfà kì í tilẹ̀ hàn, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọfà tí ojú kò rí kò ṣeé ṣọ́.

Etí mọ́nítọ̀ kì í ṣe ibi tí àwòrán parí sí lásán, irinṣẹ́ ni. Ní 1954, Paul Fitts, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí bí ó ti ń pẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó kí ó tó kan ohun tí ó nà sí. Ohun tí ó jìnnà tí ó sì kéré a máa pẹ́ kí ọwọ́ tó bà á. Ohun tí ó wà nítòsí tí ó sì fẹ̀ kì í pẹ́. Máòsì kò tíì sí nígbà náà. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1968 ni Douglas Engelbart fi í han gbogbo ènìyàn ní San Francisco. Ṣùgbọ́n nígbà tí máòsì dé, àwọn tí ń ṣètò ojú kọ̀ǹpútà rí i pé ìmọ̀ Fitts bá a mu. Etí mọ́nítọ̀ dà bí ohun tí ó fẹ̀ láìlópin, nítorí bí ó ti wù kí ènìyàn ju ọfà síbẹ̀ tagbára-tagbára tó, ibẹ̀ náà ni yóò dúró. Kò gba ìfojúsùn. Macintosh tí ó jáde ní 1984 to àwọn àṣẹ rẹ̀ sí etí òkè gan-an. Àwọn tí ó ṣe eré ogun sì fi etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ohun tí ń yí ilẹ̀. Gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé ògiri.

Mọ́nítọ̀ kejì ni ó wó ògiri náà. Kọ̀ǹpútà kò ka mọ́nítọ̀ méjèèjì sí yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Ó rán wọn pọ̀, bí aránṣọ ti ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ara wọn. Bí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ àmì ìmọ́lẹ̀ 1920, ìbú aṣọ náà di 3840, ọfà sì ní ẹ̀tọ́ láti rìn já gbogbo rẹ̀. Bí gíga wọn kò bá dọ́gba, tí ọ̀kan jẹ́ 1080 tí èkejì sì jẹ́ 1440, ojú ìrán yóò ní àgékù 360, níbi tí ọfà yóò ti kan ògiri tí ẹnikẹ́ni kò retí, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí eléré ń fẹ́ ògiri sí gan-an kò ní ọ̀kan. Windows 11 ní ètò kan tí ń jẹ́ kí ọfà fo irú àgékù bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó dára fún oníṣirò owó. Fún eléré, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbá ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà sá.

Ta ni ẹ̀bi yìí wá tọ́ sí? Àwọn kan a máa bú eléré pé ọwọ́ rẹ̀ yá jù, tàbí pé kí ó pa mọ́nítọ̀ kejì bí ó bá fẹ́ ṣeré. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó fi ògiri ṣe irinṣẹ́ nínú eré ni ó yẹ kí ó pèsè ògiri, olùṣe eré sì ni ẹni náà. Ó ti pẹ́ tí Windows ti ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ ClipCursor, èyí tí eré lè fi sọ ìhà mẹ́rin ọgbà tí ó fẹ́ kí ọfà wà nínú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ọgbà náà a máa tú nígbà tí fèrèsé mìíràn bá bọ́ síwájú, àfi kí eré tún un ṣe nígbà tí eléré bá padà. Ìgbésẹ̀ kejì yìí ni ìgbàgbé máa ń bò. Nítorí náà ni eré fi lè dára ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì bàjẹ́ lẹ́yìn tí eléré bá lọ ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ìyà rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú eré bí Dota 2, ènìyàn 5 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ọfà ọ̀kan nínú wọn bá sá nígbà tí ìjà gbóná, àwọn 4 yòókù ni yóò bá a jẹ gbèsè rẹ̀. Wọn kò ní mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é.

Ní báyìí ná, eléré kò ṣàìní ohun tí ó lè ṣe. Inú eré gan-an ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ eré ní ibi tí ènìyàn ti lè pàṣẹ pé kí ọfà má kúrò lójú eré. Bí kò bá sí, kí ó wò ó bóyá inú fèrèsé aláìlétí ni eré náà ń ṣí sí. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ gba gbogbo ojú mọ́nítọ̀, ó sì rọrùn láti fi sílẹ̀ lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n fèrèsé ni síbẹ̀. Eré tí ó bá gba mọ́nítọ̀ pátápátá fún ara rẹ̀ sábà máa ń di ọfà mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí ó sì wúlò ju bí ó ti dún létí lọ. Níbi tí Windows ti ń fi àwòrán mọ́nítọ̀ méjèèjì hàn nínú ètò rẹ̀, ènìyàn lè wọ́ àwòrán kejì sókè tàbí sísàlẹ̀, títí yóò fi jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ni ó fi kan èkíní. Mọ́nítọ̀ kò kúrò lórí tábìlì. Inú èrò kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ti sún. Etí ọ̀tún yóò tún di ògiri, àfi igun kékeré yẹn, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè gbà kọjá nígbà tí eré bá parí. Àléébù rẹ̀ ni pé ní àkókò iṣẹ́, igun náà ni ènìyàn yóò máa wá kiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè lo ètò kékeré bí Dual Monitor Tools, tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, láti ti ọfà mọ́ orí mọ́nítọ̀ kan. Títẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P láti pa mọ́nítọ̀ kejì ni kí ó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan lè takò ó pé ọfà tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ yóò sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ó ni ín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí eré bá kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, tí ó sì di ọfà mú. Àwọn tí ó ṣe ìlànà Pointer Lock fún íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí W3C fọwọ́ sí ní 2016, ti rí i ṣáájú: ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí ènìyàn yóò fi gba ọfà rẹ̀ padà nígbàkúùgbà, bọ́tìnnì Esc ni wọ́n sì ń lò fún un. Lórí Linux tí ń lo Wayland, eré kò lè so ọfà fúnra rẹ̀. Ńṣe ni ó ń tọrọ àyè, tí olùdarí ojú kọ̀ǹpútà sì ń pinnu. Èyí ni ó yẹ kí àwọn olùṣe eré wò ṣe àwòkọ́ṣe: bí eléré bá dá eré dúró, kí ọgbà ṣí, nígbà tí ó bá padà, kí ọgbà tì fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó tún ń wá ibi tí àṣẹ rẹ̀ wà.