Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Igi Wọ́rọ́kọ́

Gbogbo wa la mọ òwe pé igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí èmi àti alábàágbé mi fi igi dáná, nítorí pé apá wa kò ká owó gáàsì mọ́, mo fẹ́ jiyàn díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa tí à ń to igi gan-an là ń da iná rú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó ki igi kún abẹ́ ìkòkò títí kò fi ní sí àyè, a ó da kẹrosíìnì lé e, a ó ṣáná sí i. Iná á bú sókè, kẹrosíìnì á tán, èéfín á gba gbogbo àgbàlá. Ẹ̀wà tí a gbé kaná ní agogo mẹ́rin kò ní jinná títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn ará ilé á sì máa húkọ́.

Ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ ilé wa wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí iná ó mí!" Ó fa igi mẹ́ta yọ nínú mẹ́fà, ó sì gbá eérú kúrò. Ó fi háhá àgbàdo àti ẹ̀là igi wẹ́wẹ́ sí àárín, ó wá ti igi kọ̀ọ̀kan gba ẹnu ààrò kọ̀ọ̀kan, kí orí wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra lábẹ́ ìkòkò. Bí orí igi ṣe ń jó ló ń tì í wọlé. Ó to èyí tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè gbẹ sí i.

Ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì ni. Bí igi bá gbóná, ó máa ń tú gáàsì jáde. Gáàsì yìí ló ń di ọwọ́ iná. Bí atẹ́gùn kò bá ráyè wọlé, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ láìjó. Owó igi wa ló ń bá èéfín lọ yẹn. Bí igi bá sì tutù, iná á kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ lé omi inú rẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹ̀wà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ilé, tí èéfín ìdáná jẹ́ olórí rẹ̀, pa ní ọdún 2020. Títo igi dáadáa ń dín èéfín kù ni, kò pa á rẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe dáná igi nínú yàrá láé.

Àwọn kan á ní gáàsì ló yẹ ká máa jà fún. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká máa jà fún un. Ṣùgbọ́n a ó jẹun lálẹ́ òní. Kí a tó tún fọwọ́ kan kẹrosíìnì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fa igi kan yọ.