Ta Ló Dúró Ti Dókítà Tuntun?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn ìjọba dé. Wọn á ní, "Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ara wa kọ́ṣẹ́ ni." Ìyá tó gbé ọmọ tí gìrì mú lọ sí ilé ìwòsàn lóru á sọ ọ́. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru náà á sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí a gbé ẹjọ́ náà lọ kọ́ ni a ń gbé e lọ.

Kò sí dókítà kan láyé tí kò fi ara ẹnì kan kọ́ṣẹ́. Àgbà dókítà tí gbogbo wa ń wá lónìí, tí a ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dára, ó ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ó sì ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbẹ̀bí ọmọ. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ara wa kọ́ṣẹ́, ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ wa ní ọdún 20 sí i? Ìbéèrè tó yẹ kí a máa béèrè ni pé: nígbà tí ọmọ yìí ń kọ́ṣẹ́ lára mi, ta ló dúró tì í?

ÀWỌN WO NI DÓKÍTÀ TUNTUN WỌ̀NYÍ?

Ọdún 6 ni ọmọ máa ń lò ní yunifásítì kó tó di dókítà, bí ìdáṣẹ́sílẹ̀ kò bá sọ ọ́ di 7 tàbí 8. Nígbà tó bá jáde, ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ ni MDCN, àjọ tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, máa fún un. Ìwé yẹn kò fún un láyè láti dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀. Odidi ọdún kan ló gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní housemanship, ní ilé ìwòsàn tí àjọ náà fọwọ́ sí. Oṣù 3 ni yóò lò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka 4: ibi ìtọ́jú àìsàn inú àgbàlagbà, ibi iṣẹ́ abẹ, ibi ìtọ́jú aláboyún àti àìsàn obìnrin, àti ibi ìtọ́jú ọmọdé. Àwọn kọnsọ́tánǹtì tó ń bójú tó o ni yóò fọwọ́ sí i pé ó ṣe é dáadáa. Bí kò bá ṣe é dáadáa, yóò tún un ṣe. Ẹ̀yìn èyí ló tó lè gba ìwé àṣẹ pípé, kó sì lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Ẹ ò rí i pé òfin fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ọmọ náà ṣì ń kọ́ṣẹ́? Kò sẹ́ni tó fi pamọ́. Ohun tí òfin wí ni pé kí ọ̀gá wà níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ọmọ wà tí ọ̀gá kò sí.

ÈRÒ PÚPỌ̀ JẸ́ OLÙKỌ́, Ó SÌ JẸ́ EWU

Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, wọ́n ní 2,047,026 ni àwọn kà. Èyí ó wù kí a gbà níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ilé sì ti kún Ayọ̀bọ̀ láti ìgbà yẹn títí dé ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn. Jẹ́nẹ́rà Ìgàndó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá lọ bí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà. Àwọn mìíràn ń lọ sí Orílé-Agége tàbí Ìfàkò-Ìjàyè, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le jù a sì dé LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ má gbàgbé pé jẹ́nẹ́rà ni LASUTH pàápàá tẹ́lẹ̀ kí ìjọba tó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì ní 2001.

Ilé ìwòsàn tí èrò kún bẹ́ẹ̀ lè kọ́ dókítà tuntun dáadáa. Láàárín oṣù 3 ní ẹ̀ka ọmọdé, yóò rí gìrì, yóò rí ibà tó ti kan ọpọlọ, yóò rí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀ àti ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ní ibi iṣẹ́ abẹ, yóò rí àwọn tí ọ̀kadà gbé ṣubú. Ohun tí ẹlòmíràn kà nínú ìwé, òun á fojú rí i, á sì fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n èrò nìkan kì í kọ́ èèyàn. Ẹ wo ọ̀gá télọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ á kọ́kọ́ máa tú okùn, á máa lọ aṣọ, á máa wo bí ọ̀gá ṣe ń gé e. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kó gé léèsì oníbàárà, ọ̀gá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí télọ̀ tó lórúkọ tí yóò kó léèsì ìyàwó tuntun fún ọmọṣẹ́ tó dé lánàá, kó wá ti ilẹ̀kùn, kó lọ sílé lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ aṣọ lásán ni. Bí aṣọ bá bàjẹ́, a lè ra òmíràn.

Ìwé ti kọ́ ọmọ náà ní ìwọ̀n oògùn tó yẹ kó fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ ni bí a ṣe ń mọ̀, láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, pé nínú obìnrin 20 tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, ẹyọ kan wà tí kò lè dúró de ìlà. Àgbà ló ń kọ́ni níyẹn. Ìwé kò lè kọ́ ọ ní ìgboyà láti pe ọ̀gá ní aago 2 òru pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ mi ò ká a." Bí ọ̀gá bá ń jágbe mọ́ ọn nígbà tó bá pè, kò ní pè mọ́. Aláìsàn ló máa jìyà rẹ̀.

ẸNI TÍ OORUN Ń KÙN

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Dókítà Vwaere Diaso, ọmọbìnrin tó ń ṣe housemanship ní Jẹ́nẹ́rà Ọdán ní Èkó, wọ ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé tí ìjọba fi àwọn dókítà sí. Ẹ̀rọ náà já, ó sì kú. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ 2 kó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń fi ẹjọ́ ẹ̀rọ náà sùn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Dókítà Michael Umoh tó ń ṣiṣẹ́ ní LUTH ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sunday, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ló ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yin ará, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Ó kúrò níbi iṣẹ́, ó wá jọ́sìn bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń ṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ dánfó kan sọ fún wa ní Ìyànà-Ìpájà pé òun kò tíì sùn láti ọjọ́ 3, ta ni yóò wọkọ̀ rẹ̀? Kí ló dé tí a wá gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ di abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ mú lórí ọmọ wa?

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan, Libby Zion, kú ní ilé ìwòsàn kan ní New York. Àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, iṣẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bàbá rẹ̀, Sidney Zion, oníròyìn ni, kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní 1989, ìpínlẹ̀ New York fi ààlà sí i: dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 80 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ léraléra, bẹ́ẹ̀ ni àgbà dókítà gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa bójú tó wọn. Ọ̀fọ̀ bàbá kan ló bí i, àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló jẹ àǹfààní rẹ̀.

Nínú Bíbélì wa náà, nígbà tí Jẹ́tírò rí i tí Mósè ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sọ fún un pé kó gbàdúrà fún agbára sí i. Ó ní kó wá àwọn mìíràn tì í, nítorí pé bó ṣe ń ṣe é, òun àti àwọn èèyàn náà ni yóò jọ rẹ̀.

BÍ WỌ́N BÁ LỌ SÙN, TA NI YÓÒ TỌ́JÚ WA?

Ẹnì kan á sọ pé, "Èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò tó. Bí a bá dín wákàtí wọn kù, a ó kàn jókòó síbẹ̀ ni." Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní 2025, sọ lọ́dún náà pé dókítà tó ju 16,000 lọ ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7. Ó ní dókítà tí a ní kò tó 4 fún èèyàn 10,000. Àwọn tó ń lọ náà ni ì bá dúró di ọ̀gá fún àwọn tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó síwájú. Ọmọ tí a lò bí ẹrú ní ọdún àkọ́kọ́, ṣé kò ní wá ìwé ìrìnnà ní ọdún kejì? Bí a ṣe ń di ẹrù ẹni 3 ru ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ń jápa, tí ẹrù sì ń wúwo sí i lórí ẹni tó kù. Dídín wákàtí kù láìgba èèyàn sí i kò lè ṣiṣẹ́. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ rìn pọ̀. Bí dókítà kan bá lọ, kí ìjọba fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́gán, kí ó má ṣe jẹ́ pé ọdún kan á kọjá tí ìwé á ṣì máa yí láti tábìlì dé tábìlì.

Ohun mìíràn tún wà. Bí dókítà kan bá ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, àárín àwọn méjèèjì ni nǹkan ti lè já bọ́. Nítorí náà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì jọ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹni yìí ló le jù, ohun tí a ti fún un rèé, ohun tí a ń retí rèé. Ìyẹn kò gba owó rẹpẹtẹ.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA

Kí ọ̀gá dókítà wà nítòsí tọ̀sán-tòru, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Kí wọ́n fi ààlà sí wákàtí iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ibi tí àwọn ọmọ náà ń sùn jẹ́ ibi tí kò ní pa wọ́n. Kí owó oṣù wọn máa wọlé lásìkò. Bí aláìsàn bá kú, kí wọ́n jókòó yẹ̀ ẹ́ wò láti kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó má kàn jẹ́ pé ẹni tó kéré jù ni wọn yóò di ẹ̀bi rù. Aṣojú wa wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé sí wọn, ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ lórí rẹ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èkínní, ikọ́ àti ibà tí kò le, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tó wà lágbègbè wa, kí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lè rí àyè ní jẹ́nẹ́rà. Kí àwọn aláboyún tètè forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ ìrọbí.

Èkejì, kí a forúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀, kí ọ̀rọ̀ owó má baà fa ìjà ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe na dókítà. Mo mọ bí ìbànújẹ́ ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbá létí lálẹ́ òní ni yóò tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn ní òwúrọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Bí ọkàn wa kò bá balẹ̀, ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá yín lónìí? Ṣé wọ́n ti gbọ́ nípa ọmọ mi?" Ìbéèrè yẹn lágbára ju igbe lọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń wá kó lè rí ìdí pe ọ̀gá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olórí ìjọ. A máa ń ṣe ìdúpẹ́ ńlá lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá di dókítà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a ó ní kó wá fún ìṣọ́ òru, a ó ní kó wá fún akọrin, gbogbo àdúgbò á máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fún oògùn ọ̀fẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ má pè é ní ẹni tó ti tutù nínú ẹ̀mí. Oorun rẹ̀ wà lára ìtọ́jú aláìsàn tó máa bá pàdé lọ́la. Ẹ̀yin dókítà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ wà láàárín wa, ẹ pe àwọn ọmọ wọ̀nyí jókòó. Ẹ sọ fún wọn ohun tí ojú yín ti rí. Ọ̀rọ̀ àgbà kan lè gba ẹ̀mí kan là.

Nígbà mìíràn tí a bá dé jẹ́nẹ́rà, tí a rí ojú ọmọdé kan tó so ẹ̀rọ ìgbọ́yà mọ́ ọrùn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ ẹnì kan ni, bóyá ọmọ ìjọ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a béèrè àgbàlagbà náà lọ́wọ́ ìjọba, kí a má sì dákẹ́ títí wọn yóò fi fi í síbẹ̀.