Iwájú Náírà, Ẹ̀yìn Náírà

Àwọn tó ń ya àwòrán sára náírà ni mo pè lẹ́jọ́. Láti Kabba ni mo ti ń rojọ́, níbi tí owó ọjà ti ń gba ọwọ́ obìnrin kọjá láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ fi ọkùnrin síwájú, ẹ fi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Alvan Ikoku ló wà níwájú náírà 10. Ẹ yí i padà, àwọn obìnrin Fúlàní tó ru igbá wàrà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Murtala Muhammed ló wà níwájú náírà 20, Ladi Kwali amọ̀kòkò sì wà lẹ́yìn.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ gba iṣẹ́ wọn, ẹ kò bèèrè orúkọ wọn. Ta ni àwọn oníwàrà yẹn? Ọmọ ta ni wọ́n? Ikoku ní orúkọ, ó ní ìtàn; igbá nìkan ni tiwọn.

Ẹ̀sùn kẹta: ẹ pẹ́ jù. Ọdún 1954 ni Ladi Kwali wọ ilé ìkòkò Michael Cardew, ní ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. Ọdún 2007 ni àwòrán rẹ̀ tó dé ara owó, owó tí ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ mú mọ́ nílẹ̀ báyìí.

Ẹ̀sùn kẹrin: ẹ fojú fo àwọn ìyá wa. Ní Bunu tó múlé gbè wá, obìnrin ló máa ń ran òwú tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń hun ún lórí òfì tó nàró. Elisha Renne wá láti Amẹ́ríkà, ó kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn ní 1995. Àlejò rí wọn, onílé ò rí wọn.

Ẹ ó ní ẹ gbìyànjú ní 2012: Margaret Ekpo, Gambo Sawaba àti Funmilayo Ransome-Kuti lórí náírà 5,000. Obìnrin mẹ́ta ẹ kó sórí owó kan, owó ọ̀hún ò sì jáde. Ẹ̀rí tèmi nìyẹn.

Ẹ ó tún ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ ò yẹ níwájú. Ní Amsterdam, ní nǹkan bí 1650, Geertruydt Roghman fín àwòrán márùn-ún sára bàbà, lára wọn ni obìnrin tó ń ránṣọ, tó ń ran òwú, tó ń dáná, tó ń fọ ìkòkò. Iṣẹ́ wọn ló gba gbogbo ojú ìwé.

Ìdájọ́ tí mo ń bèèrè: owó tí ẹ bá tún máa yà, ẹ gbé ahunṣọ Bunu kan síwájú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ìyá náà sábẹ́ àwòrán.