Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ń fẹ́ olùkọ́ tí yóò dúró

Bí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ètò tí wọ́n dà kọ láìgba àṣẹ ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kòkòrò kọ̀ǹpútà lè bá irú ètò bẹ́ẹ̀ wọlé, kí ìwé owó àjọ àwọn ìyá sì run ní ọ̀sán kan.

Ọ̀nà tí ó bófin mu wà. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ni a fi ń kọ lẹ́tà, tí a sì fi ń ṣírò owó. Àjọ tí ń bójú tó o wà ní Jámánì. Àjọ náà kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, ó sì gbà kí ẹnikẹ́ni dà á kọ fún ẹlòmíràn. Ètò náà wà ní èdè Faransé pẹ̀lú.

Kí ni ó wá ń dí àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì tọ́. Akọ̀wé kò fẹ́ ṣi owó kà níwájú àwọn tí ó ni owó. Ìwé tí wọ́n fi ètò àtijọ́ kọ sì lè yí ìrísí padà nínú ti tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà a wá, wọn a fi ètò sí i, wọn a ya fọ́tò, wọn a lọ. Ìyẹn kò tíì di ìrànlọ́wọ́. Kí olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ da gbogbo ìwé ẹgbẹ́ kọ sí ibòmíràn. Kí ó jókòó ti akọ̀wé títí ìṣirò oṣù kan yóò fi parí, kí ó sì padà wá ní oṣù kejì. Owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ ni kí ó san án.