Àríyànjiyàn Ọ̀rọ̀ Ìlú Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Kíláàsì Lè Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Wa ní Òkukù, Ìkìrun àti Iníṣà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó bá ìgbà tí a wà yìí mu púpọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ apá kan lórí fóònù, tí wọ́n ń dá a lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìdájọ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà ni a ṣe gbé ìbéèrè kan wá síwájú yín: ǹjẹ́ ó tọ́ kí olùkọ́ ilé-ìwé gíga sọ àríyànjiyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọ̀ràn tí ń lọ nílùú di iṣẹ́ kíláàsì tí yóò ní máàkì?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 2007 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Òkukù sì ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn olùkọ́ káàkiri Nàìjíríà gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí WhatsApp, Zoom àti Google Classroom. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ èrò àti bí a ṣe ń rò ó jinlẹ̀ jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Irinṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì wà nílẹ̀. Kí a so méjèèjì pọ̀ ni ó kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn wo ni a ó gbé ka iwájú àwọn ọmọ? Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ ilé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí Gómìnà Ademola Adeleke gorí àga, ó pàṣẹ àtúnyẹ̀wò lórí yíyàn ọba ìlú mẹ́ta: Ìkìrun, Ìrèé àti Igbájọ. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni ó pàṣẹ pé kí orúkọ ìpínlẹ̀ wa padà sí bí òfin ìlẹ̀ Nàìjíríà ti kọ ọ́, dípò ìyípadà tí àwọn ìjọba tí ó ṣáájú ti ń lò. Wọ́n jiyàn lórí méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Ẹni méjì lè ta ko ara wọn lórí orúkọ ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì jọ jẹun lálẹ́. Ọ̀rọ̀ oyè kan ilé, ó kan ogún, ó kan ìdílé tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ti jáde wá. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ Ìkìrun jiyàn lórí oyè ìlú rẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà ṣì gbóná ti fi iná sórí òrùlé koríko.

Ọ̀ràn tí ó ti parí ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022 jẹ́ ọ̀kan. Àjọ elétò ìdìbò kéde Adeleke. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá ẹ̀bi fún un, wọ́n ní ìbò tí wọ́n kà ní àwọn ibùdó kan ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS fọwọ́ sí lọ. Ní oṣù Kẹta, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fìdí èyí múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. Ìdìbò kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ àwọn adájọ́ tí ó mọ òfin wo ẹ̀rí rẹ̀, èrò wọn kò sì dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka àwọn ìdájọ́ náà yóò rí i pé ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wa kì í ṣe òpè dandan, kì í sì í ṣe ọ̀tá.

A kò gbọdọ̀ rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ dá irú ìjíròrò yìí sílẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ti I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tí ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Karin Barber, onímọ̀ tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970 láti kọ́ nípa oríkì, ni ó ṣe ìwé lórí ìtàn yìí ní 2012. Ẹni tí ń ki oríkì ní Òkukù dúró níwájú ẹni tí ó ń kì. Gbogbo ènìyàn ń rí ojú rẹ̀. Ìwé ìròyìn bo ojú òǹkọ̀wé, fóònù sì wá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí kíláàsì lè kọ́ni nìyí: kí a béèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àti ibi tí ó ti rí ohun tí ó sọ.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ onítìjú tí kì í sọ̀rọ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lè kọ èrò rẹ̀. Ààyè wà láti wá ẹ̀rí kí a tó fèsì. Èyí tí ó tilẹ̀ ga jù ni pé olùkọ́ lè pàṣẹ fún ọmọ láti gbèjà apá tí kò fẹ́, kí ó lè mọ bí bàtà ṣe ń ta ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, ewu rẹ̀ kò kéré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ọmọ tálákà kò gbọdọ̀ pàdánù máàkì nítorí dátà. Irinṣẹ́ pàápàá kò dúró sójú kan: ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015, tí a tún ṣe ní 2024, sì lè mú kí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ kálẹ̀ láti da ìlú rú san mílíọ̀nù méje náírà tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Lójú wa, iṣẹ́ náà yẹ ní ṣíṣe, bí a bá ṣe odi sí i. Kí ó wà ní ibi tí kíláàsì nìkan lè wọ̀, pẹ̀lú orúkọ gidi. Kí àkókò èsì tó ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹni tí iná tàbí dátà kò sí fún lè kọ tirẹ̀ sórí ìwé. Kí olùkọ́ wọn ẹ̀rí, kí ó má ka iye ọ̀rọ̀. Kí ó sì jẹ́ òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àwòrán ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jáde.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Olúwa, apá tiyín nìyí. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, tí ẹ rí i pé ọmọ ìjọ gbèjà ohun tí ẹ kò fẹ́, ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ má sì ṣe lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ ni ó yan apá náà fún un. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pé: "Kí ni ẹ̀rí rẹ?" Bí ó bá dáhùn, ẹ gbọ́ ọ tán. Àwa àgbà ni a kọ́ wọn pé kí wọ́n má dá ẹjọ́ ẹnìkan. Kò yẹ kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú òfin náà.