Kì í Ṣe Torí Sílè Márùn-ún ni Ẹ̀gbá Fi Gbé Ìbọn

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gbọ́ orúkọ Ogun Adùbí rí pé kí ló fà á. Owó orí ni yóò sọ. Wọ́n ní Ẹ̀gbá kọ̀, wọn ò san owó orí ní 1918, ni wọ́n bá hú ojú irin. Ìtàn yìí ń sọ àwọn baba àti ìyá wa di ahun tó tìtorí sílè márùn-ún fa ikú wá sílé. Irọ́ ni, n kò sì ní dákẹ́ sí i.

Ta ló sọ pé Ẹ̀gbá ò mọ owó ìlú í san? Kó tó di 1918, owó ibodè ni ìjọba Ẹ̀gbá fi ń jẹun. Ẹni tó bá ru ẹrù ọjà dé ẹnu ibodè, á sọ ẹrù kalẹ̀, oníbodè á gba tirẹ̀, kó tó kọjá. Tọdún tọdún ni wọ́n ń san án. Lẹ́yìn ogun náà ńkọ́? Owó orí ò kúrò nílẹ̀, Ẹ̀gbá sì ń san án lọ. Ní àwọn ọdún kan náà ni owó orí wọ Ìbàdàn, a ò gbọ́ pé Ìbàdàn hú ojú irin. Bó bá jẹ́ owó ni ọ̀ràn náà, kí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ wá ṣàlàyé èyí fún mi.

Ọdún 1893 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún náà, Gómìnà Carter àti àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé ní Abẹ́òkúta pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá dúró, pé Òyìnbó ò ní gbà á níwọ̀n ìgbà tí Ẹ̀gbá bá ń pa àdéhùn mọ́. Lórí ìwé yẹn ni Ẹ̀gbá fi ní ìjọba tirẹ̀, pẹ̀lú kóòtù tirẹ̀ àti akọ̀wé tirẹ̀. N ò sọ pé ìjọba náà dára tán. Ní 1914, nígbà ayé Aláké Gbádébọ̀, tí Adégbóyèga Ẹ̀dun jẹ́ akọ̀wé ìjọba, wọ́n ń fi túláàsì kó ènìyàn lọ síṣẹ́ ọ̀nà. Pọ́nlàdé, àgbàlagbà kan ní Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta, kọ̀ fún wọn. Wọ́n mú un, ó kú sí àtìmọ́lé. Ìjemọ̀ tú síta, wọ́n ní àfi kí Ẹ̀dun kúrò. Ní oṣù kẹjọ, ṣọ́jà Òyìnbó dé, ìbọn dún ní Ìjemọ̀, Olúwo Ìjemọ̀ sì wà lára àwọn tó bá a lọ.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò tíì gbẹ, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Gómìnà Àgbà Lugard pa àdéhùn 1893 rẹ́. Òmìnira Ẹ̀gbá lọ. Ṣọ́jà tí wọ́n pè wá pẹ̀tù sí ìjà ilé ló ṣílẹ̀kùn fún onílé tuntun. Ìran Lísàbí ni Ẹ̀gbá; ẹni tí baba ńlá rẹ̀ lé ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ kúrò nílé mọ ajẹ́lẹ̀ bó bá tún wọlé.

Láti ìgbà náà, ìyà di ti ojoojúmọ́. Wolé-wolé á yọ sí agboolé láàárọ̀, á ṣí àmù ìyá àgbà, á tẹjú mọ́ omi. Bó bá rí tanwíji kan ṣoṣo, ó di kóòtù, ó di owó ìtanràn. Iṣẹ́ ọ̀nà ò dín kù. Àwọn olóyè tí ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu rí di ẹni tó ń wòran, nítorí Òyìnbó ti kó agbára jọ sọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn.

Inú èyí ni owó orí bá wọn. Ọkùnrin, sílè márùn-ún. Obìnrin, sílè méjì ààbọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò ni ti obìnrin. Aláró tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó ti ń sanwó ibodè lórí ọjà rẹ̀, wọ́n wá ka òun fúnra rẹ̀, wọ́n fowó lé orí rẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ wa. Àjèjì wá ń ka ìyá.

Ní oṣù kẹfà 1918, wọ́n dìde, bí 30,000 wọn. Ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ hú ní gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù. Ọ̀nà tí ṣọ́jà ń gbà wọlé nìyẹn, ẹnu tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè é sì nìyẹn. Àwọn tó rántí Ìjemọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa Òyìnbó oníṣòwò kan, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. N kò gbè wọ́n lórí ikú ọba yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pa ọba nítorí sílè márùn-ún; ẹni tó bá rò pé ọba ti bọ́ sọ́dọ̀ àjèjì ló ń ṣe é. Àwọn ṣọ́jà tó ju 2,000 lọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n kó lé wọn lórí. Nígbà tó fi di oṣù keje, àwọn Ẹ̀gbá tó kú ti ju 500 lọ.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà gbọ́ nípa túláàsì, ó gbọ́ nípa kóòtù, ó gbọ́ nípa owó orí pẹ̀lú. Owó orí nìkan la wá mú nínú gbogbo rẹ̀, la fi ń kọ́ ọmọ.

Ti obìnrin ò tán síbẹ̀. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta yí ààfin ká. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè, wọ́n sì gbé owó orí kúrò lórí obìnrin. Àwọn ọmọdébìnrin tó ń wo ìyá wọn bí wọ́n ṣe ń kà á ní 1918 ti di ìyá ọlọ́mọ nígbà náà.